Gọ́ọ̀mù Tó Ṣẹ́ Kù: Ẹ Dí I Lẹ́nu, Ẹ Dán An Wò

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó yíyá kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù inú túùbù ni, èyí tí à ń fi ìbọn tẹ̀ láti dí etí fèrèsé, etí síǹkì àti ìsàlẹ̀ ògiri balùwẹ̀. Ẹ má sọ pé kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù o. Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé mọ̀ pé gàrí àpò 4 ló bá a lọ.

Fún àwọn tí kò sí níbẹ̀, báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ní àkókò òjò tó kọjá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò gba etí fèrèsé sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ wọlé, gàrí tí a fẹ́ pín ní ìparí oṣù sì wà nítòsí ibẹ̀. Èmi akọ̀wé yín rántí pé túùbù gọ́ọ̀mù kan tí a ti lò dé ìdajì wà ní ọ́fíìsì, lójú fèrèsé, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa á. Ó ti tó oṣù 8 tí a ti ṣí i. Mo ní kí la tún fẹ́ náwó sí, nígbà tí ti ilé ṣì wà? Mo fi ìṣó yọ èyí tó ti le ní ẹnu rẹ̀, mo tẹ ìbọn, ó jáde. Mo fi dí etí fèrèsé yí ká, mo sì lọ sọ fún alága pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́ kejì, mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní yóò gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà ni. Ní òru ọjọ́ kẹrin, òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí a ṣí sítọ́ọ̀ láàárọ̀, gọ́ọ̀mù ti ṣí kúrò lára férémù, ó rọ̀ jọwọrọ, omi sì ti wọ àpò gàrí 4.

Mo dìde ní ìpàdé, mo jẹ́wọ́. Ìpàdé ní kí n san owó àpò 1, kí ẹgbẹ́ ru 3 yòókù. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan nínú àwọn ọlọ́ṣẹ bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Ṣé gọ́ọ̀mù yẹn ló burú ni, àbí ẹ̀yin lẹ ò tọ́jú ẹ̀?"

Mo ti lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù. Mo sì fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára túùbù náà, èyí tó yẹ kí n ti kà tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn rèé, ìyá wa: gọ́ọ̀mù náà ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, èmi náà kò sì tọ́jú rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé n kò dán an wò kí n tó fọkàn tán an.

OHUN TÓ Ń MÚ KÍ Ó DÌ

Ọ̀pọ̀ wa rò pé gọ́ọ̀mù sílíkóònù máa ń gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí ó dì. Bí ó bá ti jáde, ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi awọ bora láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dídì yóò máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 3 láàárín wákàtí 24. Ìdí nìyí tó fi ń lọ́ra nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tó sì ń yára nígbà òjò.

Ohun kan náà tó ń mú kí ó dì lára ògiri ló ń mú kí ó dì nínú túùbù tí a kò dé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu túùbù ni ilẹ̀kùn tí ọ̀rinrin ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí a tilẹ̀ dé e pa, kò lè wà títí láé. Agbára rẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ooru sì ń lé e sáré. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń fún un ní oṣù 12 tàbí 18 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, láìtíì ṣí i, ní ibi tó tutù níwọ̀nba. Èyí tó ti kọjá ọjọ́ lè jáde dáadáa lẹ́nu túùbù, kí ó má sì dì láéláé. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn.

BÍ A Ṣe Ń TỌ́JÚ ÈYÍ TÓ ṢẸ́ KÙ

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gé ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ju bí ẹ ṣe nílò rẹ̀ lọ. Ihò kékeré rọrùn láti dí.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ tẹ irin ẹ̀yìn ìbọn kí ó lè jọ̀wọ́ túùbù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀mù yóò máa jáde ṣòfò. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ díẹ̀ jáde kí ó yọ sí ìta bí ẹ̀pà kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó yọ yẹn yóò dì, yóò di ìdérí fún èyí tó wà nínú. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún un lò, ẹ fi ẹ̀mú fà á jáde. Àwọn mìíràn máa ń ki ìṣó tó ṣe déédéé bọ ihò náà. Èyí náà dára.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ tú ẹnu ṣóńṣó náà kúrò, kí ẹ fi ọ̀rá bo ojú túùbù gan-an, kí ẹ wá dá a padà lé ọ̀rá náà kí ó fún un pa. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ tún fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fi rọ́bà tàbí téèpù dì í.

Ẹ gbé e sí ibi tó gbẹ, tó tutù, tí oòrùn kò dé. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ojú fèrèsé, kò gbọdọ̀ jẹ́ inú búùtù mọ́tò, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó o. Kí ẹ sì fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí i lára. Bí ó bá ti lé ní oṣù kan tàbí méjì tí ẹ ti ṣí i, ẹ fura sí i.

Ẹ DÁN AN WÒ

Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣìnà. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù ṣe iṣẹ́ kankan, ẹ tẹ díẹ̀ sórí bébà, kí ó tó bí pẹ́ńsùlù ṣe nípọn. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí. Ó yẹ kí ojú rẹ̀ ti fi awọ bora. Ní ọjọ́ kejì, ó yẹ kí ó ti ń le bọ̀ bíi rọ́bà. Bí ó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jù ú nù. Ẹ má bu epo kankan lé e. Owó túùbù 1 kéré sí owó ohun tí yóò bàjẹ́.

Gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú sílíkóònù àtijọ́ dáadáa. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ti àtijọ́ kúrò, ẹ nu ibẹ̀, kí ó gbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí irú èyí tí ẹ ní lọ́wọ́. Èyí tó ń rùn bíi fínígà dára fún táìlì àti gíláàsì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ̀yìn dígí àti àwọn irin kan. Fún dígí, páànù àti sìmẹ́ńtì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "neutral" sí lára. Ní ti gọ́ọ̀mù páìpù inú agolo, òun kò nílò ọ̀rinrin. Oje inú rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ tí ó fi ń le. Nítorí náà ẹ dé e pa kíákíá, kí ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ Á

Ẹ má to túùbù sójú oòrùn kí oníbàárà lè rí i. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ bá ń gba páálí lọ́wọ́ alágbàtà, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò bóyá ó ti le. Èyí tó bá ti kọjá ọjọ́, ẹ má tà á ní ẹ̀dínwó. Oníbàárà tí òjò bá wọ ilé rẹ̀ kò ní rántí ẹ̀dínwó, yín ni yóò rántí.

ÌMỌ̀RÀN TI ẸGBẸ́

Ọ̀nà tó dára jù láti tọ́jú gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù ni kí ó má ṣẹ́ kù. Túùbù tí ó ní mìlílítà 300, bí a bá tẹ̀ ẹ́ kí ó fẹ̀ ní mìlímítà 5, kí ó sì nípọn ní mìlímítà 5, yóò gùn tó mítà 12. Etí síǹkì kan kì í sábà ju mítà 2 sí 3 lọ. Ẹ rí i pé túùbù 1 lè tó ilé 4. Kí ló dé tí ilé 4 yóò fi ra túùbù 4, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn yóò sì le sí orí pẹpẹ? Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ dá owó, ẹ mú Sátidé kan, kí ẹ ṣí i láàárọ̀, kí ẹ lò ó tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Bí a ti ṣe ti sítọ́ọ̀ wa nìyẹn. A ra túùbù tuntun, a wo ọjọ́ rẹ̀, a họ ti àtijọ́ kúrò. Èyí tó kù lẹ́yìn fèrèsé ni a fi dí etí síǹkì ọ́fíìsì àti ti ilé ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó wà nítòsí. Òjò ti rọ̀ léraléra láti ìgbà náà, gàrí wa sì gbẹ. Ìyá wa ọlọ́ṣẹ, ẹ ṣeun tí ẹ bi mí léèrè.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Ire o.

Akọ̀wé yín