Oyin àti Ojú Tó Fara Gbọgbẹ́

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo oyin tí wọ́n ń tà lọ́jà Òkè-Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde yóò rí i pé wọn kò jọra. Òmíràn mọ́ gaara, òmíràn pọ́n, òmíràn dúdú. Òdòdó tí kòkòrò oyin fà mu ló ń pinnu rẹ̀. Púpọ̀ nínú oyin ilẹ̀ wa ló jẹ́ oyin igbó. Wọ́n á fi èéfín lé kòkòrò rẹ̀ nínú ihò igi lóru, wọ́n á gé afárá, wọ́n á fi ọwọ́ fún un. Ẹ gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ẹ ó rí ìda, eérú àti ìyẹ́ oyin tó léfòó lọ́rùn ìgò.

Oyin yìí kan náà ni àwọn kan ń kán sójú bí imọ̀ ọ̀pẹ bá ha wọ́n lójú lóko. Mi ò bá wọn jiyàn pé ó lágbára. Ó ti tó 3,500 ọdún tí àwọn ará Íjíbítì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn wọn fún ojú. Aristotle ní Gíríìsì náà yìn ín fún ojú àti ọgbẹ́. Omi inú ojúlówó oyin kì í sábà ju ìdá 20 nínú 100 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń fa omi kúrò lára ohun tó bá kàn. Bí awọ gaara tó bo dúdú ojú bá gba omi tó wú, oyin lè fà á. Fífà yẹn, pẹ̀lú kíkan rẹ̀, ló ń mú kó ta ni lójú burúkú. Bí omi ara bá tún là á, èròjà tí kòkòrò oyin pò mọ́ ọn á máa pèsè hydrogen peroxide, tó ń pa kòkòrò àrùn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pa. Hóró kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum lè sùn sínú oyin láìkú. Òun ló fà á tí àwọn dókítà fi ní kí a má fi oyin kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ìbáà ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn tó ń ki ìṣáná bọ oyin, tí wọ́n ń ṣá a wò bóyá ojúlówó ni, omi ni wọ́n ń wá. Ìṣáná kò mọ hóró.

Ní Ọsirélíà, wọ́n ń fi oyin kan tí wọ́n ń pè ní mánúkà ṣe oògùn ojú. Wọ́n ti pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ná, ojú gbígbẹ àti ìpéǹpéjú tó wú sì ni wọ́n ń lò ó fún, kì í ṣe ojú tí igi gún. Ewé tàbí igi tó ha ojú lè gbin èbu síbẹ̀, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bó bá pẹ́, àpá funfun lè bo ojú náà títí láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra á, ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ wá dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an.