Ilé Tí Ń Bá Àgbẹ̀ Lọ Sinmi

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé, "Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko." Òótọ́ ni. Oko ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé, tó gbé ọkọ́ àti àdá kalẹ̀, tó wẹ̀, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oko ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Kò tún ní rí i mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín oko gan-an ni ilé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ wà. Bí ó bá ṣí fèrèsé, oko ló rí. Bí ó bá ń jẹun alẹ́, ó ń gbọ́ igbe màlúù. Ọ̀pọ̀ ìyàwó náà wà nínú iṣẹ́ yìí: wọ́n ń ṣe ìṣirò owó, wọ́n ń kọ ìwé ìjọba, wọ́n sì ń wa katakata nígbà ìkórè. Ilé kì í ṣe àbọ̀ oko fún irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n kúrò ńbẹ̀ kí wọ́n tó lè sinmi. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà kan tí àwọn kan nínú wọn ń gbà.

Ìgbà tí ọwọ́ ń dilẹ̀

Ká sọ pé tọkọtaya kan ń gbin àlìkámà ní Lincolnshire, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ púpọ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ìkórè máa ń gbóná. Wọ́n lè wà lóko di òru, nítorí bí òjò bá pa àlìkámà tó ti gbó, ó lè bàjẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n kórè tán ni Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọkítóbà dé, tí wọ́n tún ń gbin ti ọdún tó ń bọ̀. Ó di Nòfẹ́ńbà kí ọwọ́ tó dilẹ̀ díẹ̀. Òtútù ti dé, irúgbìn sì ti hù.

Ti ẹni tó ń sin màlúù oníwàrà le ju èyí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fún wàrà. Màlúù kò mọ ọjọ́ ìsinmi, kò sì mọ Kérésìmesì. Ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti wá ẹni tí yóò bá a fún wàrà kó tó lè jáde nílé.

Ní ọdún 1938, òfin kan jáde ní Britain tó la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti sinmi, kí owó wọn má sì dúró. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò san tirẹ̀? Ìdí nìyí tí ìsinmi rẹ̀ fi máa ń kúrú, tí kì í sì í fẹ́ kó wọ́n jù.

Kí ni káráfáànù?

Káráfáànù jẹ́ ilé kékeré onítáyà. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á kọ́ ọ mọ́ ìdí mọ́tò, mọ́tò á sì máa fà á lọ. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, àti tábìlì, àti sítóòfù onígáàsì. Ìjókòó tí wọ́n lò lọ́sàn-án, òun náà ni wọ́n ń tẹ́ di ibùsùn lálẹ́. Ilé ìgbẹ́ kékeré sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á fa àpótí abẹ́ rẹ̀ yọ, wọ́n á lọ dà á síbi tí a yàn fún un.

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ẹ̀yà alárìnkiri tí à ń pè ní Roma ti ń gbé inú ọkọ̀ onígi tí ẹṣin ń fà. Ní ọdún 1885, dókítà kan, ọmọ Scotland, William Gordon Stables, ní kí wọ́n kan ọ̀kan fún òun ní ìlú Bristol, kí òun lè máa fi gbádùn ara òun. Ẹṣin méjì ló ń fà á. Ní 1907, àwọn olólùfẹ́ káráfáànù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, mọ́tò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹṣin.

Ó bá àgbẹ̀ lára mu. Ó lè gbé oúnjẹ oko rẹ̀ dání. Ajá rẹ̀ lè bá a lọ. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ nílé, kó kọ́ ilé mọ́ mọ́tò ni, ó di ọ̀nà.

Kí wọ́n tó gbéra

1. Wọ́n á wá ẹni tí yóò máa wo oko. Aládùúgbò ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí àáró wa ni: "Bá mi ṣọ́ tèmi lónìí, màá bá ọ ṣọ́ tìẹ lọ́la."

2. Wọ́n á wo ìwọ̀n ẹrù. Ẹrù wíwúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ táyà. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, káráfáànù á máa jù bí ìrù, ó sì lè dojú mọ́tò dé. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n fà dáadáa ni pé kí ìwọ̀n káráfáànù má ju ìdá 85 nínú 100 ìwọ̀n mọ́tò lọ.

3. Wọ́n á yẹ táyà, iná àti ìkọ́ wò.

4. Wọn kò gbọ́dọ̀ sáré. Bí mọ́tò bá ń fa káráfáànù, òfin ibẹ̀ kò gbà ju máìlì 50 ní wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà lásán. Lójú títì ńlá alápá méjì, 60 ni.

Ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí

Tọkọtaya wa lè forí lé òkè Derbyshire, ní Peak District. Ní ọdún 1951 ni ìjọba ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹwà rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Britain.

Òfin ọdún 1960 gbà kí ẹgbẹ́ oníkáráfáànù tí ìjọba fọwọ́ sí fún àgbẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Àgbẹ̀ náà lè wá gba káráfáànù márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nípa báyìí, àgbẹ̀ kan ń rówó, àgbẹ̀ kejì ń sinmi.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń rìn lórí òkè. Wọ́n ń wo àgùntàn olóko mìíràn láìní bẹ̀rù pé ọ̀kan lè sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Nòfẹ́ńbà, kí aago márùn-ún tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á pọn tíì, wọ́n á wá jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n sọ nílé ni wọ́n ń rí sọ: gbèsè katakata, ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ, àti ọmọ wo ni yóò gba oko lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ kíyè sí èyí

Òtútù lè mú kí ènìyàn fẹ́ gbé iná èédú wọ inú káráfáànù. Ikú ni! Èéfín olóró kan ń tinú èédú jáde tí a kì í rí, tí a kì í sì í gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá sùn tì í lè má jí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà nílé. Ẹ má ṣe gbé iná èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ sínú ilé.

Ṣé ìsinmi kì í ṣe ọ̀lẹ?

Rárá o. Àkọsílẹ̀ ìjọba Britain fi hàn pé iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára àwọn iṣẹ́ tí ìjàǹbá ti ń pa ènìyàn jù, bí a bá fi iye àwọn tó ń ṣe é wé e. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ó ti rẹ ọ̀gá òun. Ẹni tó ti rẹ̀ sì lè má tètè rí ewu. Ọjọ́ mẹ́ta tí tọkọtaya fi sinmi kò ní kí àlìkámà má dàgbà. Bí wọ́n bá padà dé, oko á ṣì wà níbẹ̀, ara wọn á sì gbé e.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ló dé tí ilé kì í fi í ṣe àbọ̀ oko fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?
2. Ibo ló yẹ kí ẹrù wíwúwo wà nínú káráfáànù?
3. Kí ló burú nínú gbígbé iná èédú sínú ilé?
4. Bí ìwọ bá fẹ́ fi oko sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò bá ọ wò ó?