Ìgò Oògùn Kọ́ Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà fún Màmá

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Básíláì ará Gílíádì nígbà tí ọba Dáfídì ní kí ó wá máa bá òun gbé ní Jerúsálẹ́mù (2 Sámúẹ́lì 19). Bàbá náà kò fi ọjọ́ ogbó pamọ́. Ó jẹ́wọ́ fún ọba pé òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, etí òun kò sì gbọ́ orin dáadáa mọ́. A kò kà á níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni pè é ní oṣó.

Mo rántí bàbá yìí ní ọjọ́ tí arákùnrin kan gbé ìgò mẹ́rin wá bá mi pé kí n gbàdúrà sí i. Ìyá rẹ̀ ti ń ṣìnà bọ̀ láti ọjà, ó sì ń wá ọkọ rẹ̀ tí ó ti sùn nínú Olúwa. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ó ta ìgò náà fún un, pé yóò sọ ọpọlọ Màmá di ọ̀tun. Mo bi í bóyá wọ́n ti gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní, “Pásítọ̀, owó ti tán sórí oògùn.”

Ní ọdún 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí ó kú lọ́dún náà. Ẹni ọdún 51 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní 1901, tí kò lè rántí nǹkan mọ́. Àwọn ohun kan ti dì sínú ọpọlọ rẹ̀ bí ìdọ̀tí. Àrùn ni, ará, kì í ṣe àjẹ́.

Ǹjẹ́ àwọn oògùn inú ìgò wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní àfikún oúnjẹ, lè dá a dúró? Wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbà tí ó ju 3,000 lọ, ẹni ọdún 75 sókè, ní oògùn ewé igi ginkgo tàbí oògùn òfìfo fún bí ọdún mẹ́fà. Nígbà tí èsì jáde ní 2008, àwọn tí ó lo ewé náà kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Ní 2010, DHA tí ó wà nínú òróró ẹja kò dá àrùn náà dúró lára àwọn tí ó ti ní in.

Èmi kò fẹ́ parọ́ mọ́ fítámì. Ní 2014, àwọn aláìsàn tí wọ́n fún ní fítámì E púpọ̀, 2,000 yúníìtì lójúmọ́, pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó di ẹni tí a ń wẹ̀, tí a ń wọṣọ fún. Ṣùgbọ́n ìrántí wọn kò padà. Fítámì E yìí kan náà, ní 400 yúníìtì péré, ni ìwádìí 2011 fi hàn pé ó mú kí jẹjẹrẹ próstéètì pọ̀ sí i lára àwọn ọkùnrin. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá a rà fún Bàbá.

Láti 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti gbà kí a máa ta irú nǹkan wọ̀nyí láìkọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Pé ó ti òkè òkun wá kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìwádìí kan wà nílé wa pàápàá. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣúntókun, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ní 2001 wọ́n kéde pé bí 12 nínú 1,000 ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ bí 25 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń wò bí ìdí rẹ̀. Nísinsin yìí, a ti ń fi oúnjẹ wa ṣe pàṣípààrọ̀, a sì ń fi owó ra ìgò!

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ dókítà ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn yìí. Bí fítámì B12 bá wọ́n lára àgbàlagbà, tàbí tí ẹṣẹ́ thyroid tí ó wà lọ́rùn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè máa gbàgbé nǹkan, a sì lè tọ́jú ìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi í hàn.

Ìjọ dá owó, a sì gbé Màmá lọ. Ti Màmá kì í ṣe ti B12; àrùn náà gan-an ni, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Dókítà wo ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì yọ ti ginkgo sọ́tọ̀ kíákíá, nítorí Màmá ń lo aspirin, àwọn méjèèjì sì lè jọ mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

A ṣì ń gbàdúrà fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn kí ó má baà dá jáde. Mo sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pàtẹ ìgò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa mọ́. Arábìnrin akọrin náà bínú sí mi fún oṣù kan.