Ṣé O Mọ̀? Fáàfù Kékeré Tó Ń Dá Èéfín Padà Sínú Ẹ́ńjìnì

Ní Warri, láti Effurun títí dé Enerhen, ẹjọ́ kan wà tí etí àwọn mẹkáníìkì kò lè ṣàì mọ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti dàgbà ń gbọ̀n rìrì bó bá dúró, ó ń fà tìkọ̀tìkọ̀ bó bá ń lọ, iná ẹ́ńjìnì sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n á pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n á pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n á fọ nọ́sù. Owó á lọ, àrùn ò ní lọ. Nígbà mìíràn, fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní EGR ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ẹni tó bá mọ àṣírí rẹ̀ á dín ìnáwó kù, á sì dín oró kù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa jọ ń mí.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ lè máa mu èéfín ara rẹ̀?
Iṣẹ́ EGR gan-an nìyẹn. Bí èéfín bá ti ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà, fáàfù yìí á ṣí ọ̀nà tóóró kan, á dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń wọlé. Ẹ́ńjìnì dísù lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ́síjìn inú èéfín yìí ti tán, kò lè jó mọ́. Bó bá dé inú sílíńdà, ooru ló ń fà mọ́ra, kí iná ibẹ̀ má bàa gbóná kọjá ààlà.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán lè di májèlé nínú ẹ́ńjìnì?
Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, ìdá 21 sì ni ọ́síjìn. Àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ láìfọwọ́ kan ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ìgbóná inú sílíńdà bá kọjá nǹkan bí 1,370°C, wọ́n á máa so pọ̀ kíákíá, wọ́n á di náítírójìn ọ́ksáìdì. Gáàsì yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń dá kún ìnira ẹni tó ní ásímà, ó sì ń sọ omi òjò di kíkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀ bó ṣe ń jáde. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò dúdú rárá lè máa tú u síta láti àárọ̀ dalẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń ṣèwádìí òórùn ọ̀pẹ̀yìnbó ló tú àṣírí èéfín ọkọ̀?
Arie Jan Haagen-Smit ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń kọ́ni ní Caltech, ní California. Ohun èlò tó fi ń kó òórùn èso ọ̀pẹ̀yìnbó jọ ló fi kó afẹ́fẹ́ ìlú Los Angeles jọ, nígbà tí kùrukùru kan ń ta àwọn ará ìlú náà lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó fi hàn pé oòrùn ló ń sọ èéfín ọkọ̀ àti ti ilé ìfọpo di kùrukùru olóró náà. Ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tó le. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni fáàfù EGR bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn ọkọ̀ tuntun wọn.

Ṣé o mọ̀ pé Warri ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe kábọ̀n dúdú fún títà?
Ilé ìfọpo tó wà ní Ekpan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, pẹ̀lú agbára láti fọ àgbá epo 100,000 lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀ka kẹ́míkà kún un, wọ́n sì kọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ìyẹ̀fun kábọ̀n dúdú tó ń mú kí táyà lágbára. Mọ̀lẹ́bí ìyẹ̀fun yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ inú EGR bí dúdú ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò orí iná igi. Epo tí kò jó tán àti èéfín ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń pò ó pọ̀. Ìrìn kúkúrú àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, irú èyí tó wà ní oríta Effurun, ń mú kó yára di, nítorí ẹ́ńjìnì kò ráyè gbóná dáadáa kó sì sáré.

Ṣé o mọ̀ pé fáàfù yìí ní àkókò iṣẹ́ tirẹ̀?
Nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ wà ní títì bí ẹ́ńjìnì bá tutù, bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, àti bí o bá tẹ tọ́tù dé ilẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tí ọkọ̀ sì ń lọ déédéé, bí ẹni tó mú ọ̀nà Sapele pọ̀n, ni yóò ṣí. Ibẹ̀ la ti ń dá àrùn rẹ̀ mọ̀. Bí kábọ̀n bá há a sílẹ̀ ní ṣíṣí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa kú bí o bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Bó bá há ní títì, ọkọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ru ẹrù tàbí tó ń gun afárá, wàá gbọ́ ìró kéké-kéké nínú ẹ́ńjìnì.

Ṣé o mọ̀ pé kóòdù P0401 kò sọ pé fáàfù ti bàjẹ́?
Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti fẹ́ kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní ẹ̀rọ OBD-II, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń ròyìn àìsàn rẹ̀. P0401 túmọ̀ sí pé èéfín tó ń padà kò tó. P0402 ní ó pọ̀ jù. P0403 ń tọ́ka sí wáyà àti iná tó ń darí rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni kóòdù ń sọ, kì í sọ ohun tó fà á. Ọ̀nà tó dí, rọ́bà tó ya, sẹ́ńsọ̀ tó ń purọ́ tàbí fáàfù fúnra rẹ̀ lè bí P0401. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Má sáré ra fáàfù tuntun kí o tó mọ ìka tó ṣẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè yẹ fáàfù àtijọ́ wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?
Èyí tó ní fìlà irin róbótó lórí, tí ìfàmu afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì ń ṣí, ni mò ń wí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kó sì máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Yọ rọ́bà tóóró orí rẹ̀, fi páńpù fákúùmù ọlọ́wọ́ síbẹ̀, kí o fà á. Bí ẹ́ńjìnì bá gbọ̀n tàbí tó kú, fáàfù ń ṣí, ọ̀nà rẹ̀ sì là. Lọ wá àrùn nínú rọ́bà, wáyà àti ohun tó ń darí rẹ̀. Bí fáàfù bá mira tí ẹ́ńjìnì kò yí ohùn padà, kábọ̀n ti dí ọ̀nà. Bí ọwọ́ páńpù bá ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, awọ inú fáàfù ti ya, kí o wá òmíràn. Má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí ó gbóná tó láti bó èèyàn láwọ.

Ṣé o mọ̀ pé rọ́bà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lè dá gbogbo iṣẹ́ yìí dúró?
Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ń sọ rọ́bà di gbígbẹ, ó sì ń là á. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbẹ̀, fáàfù kò ní rí agbára tí yóò fi ṣí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota àwọn ọdún 1990, ike róbótó kan tún wà láàárín àwọn rọ́bà náà tó ní àsẹ́ kékeré nínú. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àsẹ́ náà wà. Ṣí ìdérí rẹ̀, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó mọ́, kí o dá a padà. Ibi tí owó kéré sí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Ṣé o mọ̀ pé fáàfù lè mọ́ tónítóní kí àrùn ṣì wà níbẹ̀?
Àwọn ihò inú mánífóòdù tí èéfín ń gbà wọ sílíńdà lè dí pa. Àwọn tó ń tún Honda Accord ìparí àwọn ọdún 1990 ṣe mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Wọ́n á fọ fáàfù, kóòdù á tún padà, àfìgbà tí wọ́n bá la àwọn ihò náà. Bí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Fi omi ìfọ kábúrétọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ha kábọ̀n kúrò, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí omi náà kan awọ rọ́bà tàbí ibi tí iná wà. Fi àkísà bo ihò tó wọ ẹ́ńjìnì, kí èérún má bàa já sí i. Lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, pa kóòdù rẹ́, kí o sì wa ọkọ̀ náà dáadáa kí o tó ní ó ti yá.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ kan wà tí o lè wá EGR lára wọn títí kí o má rí i?
Corolla ọdún 2003 tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE kò ní fáàfù yìí. Camry ọdún 2002 sí 2006 tó ní ẹ́ńjìnì 2AZ-FE náà kò ní in. VVT-i ló wà lára wọn. Ó ń yí àkókò tí fáàfù sílíńdà ń ṣí tó sì ń tì padà, kí díẹ̀ nínú èéfín lè ṣẹ́kù sínú sílíńdà láìgba ọ̀nà ìta. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀kọ́ ni ìdáhùn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó fífọ EGR lọ́wọ́ ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé páànù tí wọ́n fi ń dí EGR lè ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn?
Bí o bá fi páànù dí ọ̀nà náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n sì dúró jẹ́ẹ́, o ti mọ̀ pé fáàfù ń jò. Ẹ̀rí dé nìyẹn. Yọ páànù, kí o tún fáàfù ṣe. Àwọn tó ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ayé ń ṣe ara wọn. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì ti ka ìrànlọ́wọ́ EGR mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣètò àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ná. Bí o bá mú un kúrò, iná á gbóná jù, ìró kéké-kéké lè bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ba pístìnì jẹ́ bó bá pẹ́. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní kú mọ́, o kò sì ní mọ ìgbà tí àìsàn mìíràn bá wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé EGR lè jó ọkọ̀ dísù?
Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísù ní kúlà tí omi rẹdíétọ̀ fi ń tu èéfín náà lára kó tó padà wọlé. Ní 2018, iná sọ lára àwọn ọkọ̀ BMW kan ní Gúúsù Kòríà. Wọ́n rí i pé omi ń jò láti inú kúlà EGR, ó sì ń pò mọ́ kábọ̀n tó lè gbiná. BMW pe ọkọ̀ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 padà káàkiri ayé. Bí omi ọkọ̀ dísù rẹ bá ń lọ tí o kò rí ibi tó ń jò sí, yẹ kúlà EGR wò kíákíá.

Ṣé o mọ̀ pé imí ọjọ́ inú dísù wà lára àwọn ọ̀tá EGR?
Bó bá jó tán, tó sì bá omi inú èéfín pàdé, ásíìdì ló ń dà, ásíìdì náà á sì máa jẹ irin. Ní Yúróòpù, ìwọ̀n imí ọjọ́ inú dísù ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10 nínú mílíọ̀nù lọ láti 2009. Ní tiwa, ìwọ̀n 3,000 ni òfin fi àyè gbà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016 ni Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Benin àti Togo lára wọn, kéde pé àwọn fẹ́ mú un wá sí 50. Bẹ́ẹ̀ ní Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta kan náà, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gáàsì di dísù ní 2014, dísù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní imí ọjọ́ kankan.

Ṣé o mọ̀ pé EGR wà nínú ẹ̀tàn tó dójú ti Volkswagen?
Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 2015, àjọ ààbò àyíká Amẹ́ríkà tú àṣírí ilé iṣẹ́ náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ dísù ló ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń mọ̀ bí wọ́n bá ń yẹ ọkọ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù, EGR á ṣiṣẹ́ kíkún lójú àwọn aláyẹ̀wò, kọ̀ǹpútà á sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù lójú títì.

Ṣé o mọ̀ pé òfin wà nílé pẹ̀lú?
Láti 2011 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù àti dísù, tí àjọ NESREA ń bójú tó. Ní 2020, ECOWAS fẹnu kò lórí ìlànà Euro 4 fún ọkọ̀ tó ń wọlé. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ròyìn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kékeré ni wọ́n kó ránṣẹ́ sókè òkun láàárín 2015 sí 2018, tí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wá sí Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń dàgbà sí, ọwọ́ wa sì ni ìtọ́jú wọn wà.

Warri ti ń mí èéfín gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń dáná sun láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin ti yan oṣù Kìíní 1984 pé kí iná náà kú. Agbára àwa onímọ́tò lè má ká iná ilé iṣẹ́ epo, ṣùgbọ́n ó ká fáàfù tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ ka kóòdù, ẹ yẹ rọ́bà wò, ẹ la ọ̀nà tó dí, kí ẹ tó ní kí oníbàárà lọ ra ọjà. Ìwọ tó ni ọkọ̀, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi páànù dí i, sọ fún wọn pé fífọ̀ lo fẹ́.