Ṣé èèyàn lè yí jíà ọ̀kadà láì fa kílọ́ọ̀ṣì?

Tí mo bá wà lẹ́yìn ọ̀kadà ní Baṣọ̀run, ọwọ́ òsì ọlọ́kadà ni mo máa ń wò. Tí wọ́n bá ti kúrò ní jíà kìíní, àwọn kan kì í fa kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni. Ṣé kò léwu?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó nígbà tó ṣeé ṣe.

Eyín ni jíà fi ń di ara wọn mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa táyà, eyín yẹn á há mọ́ra pinpin. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni láti gba agbára ẹ́ńjìnnì kúrò kí eyín lè tú. Tí ẹ bá dín epo kù wéré, eyín á dẹ̀ díẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá yí jíà lákòókò yẹn gan-an, á wọlé jẹ́jẹ́. Tó bá dún "gbà!", eyín jíà lẹ ń bà jẹ́ yẹn. Tó bá di ojoojúmọ́, mẹkáníìkì máa tú ẹ́ńjìnnì, owó á sì jáde.

Ladies' machine bíi Honda C70 yàtọ̀. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rárá; ẹsẹ̀ tó ń tẹ jíà náà ló ń tú u. Boxer ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má dán an wò tí ẹ bá ń bọ̀ wá sí jíà ìsàlẹ̀: táyà ẹ̀yìn lè há lójijì, kí ẹ̀yin àti èrò bá ara yín nílẹ̀. Tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì bá já lọ́nà, ẹ gbé e sí free kẹ́ ẹ tó dúró, kẹ́ ẹ sì tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wáyà ò wọ́n tó egungun.