Ṣé Kí A Fi Ìtọ́jú Aláìsàn Nínú Ilé Ṣe Iṣẹ́ Ajé?

Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìdílé mẹ́ta ti bẹ òun láàárín oṣù kan pé kí òun máa bá wọn tọ́jú arúgbó wọn tí kò lè dìde mọ́. Àwọn ọmọ wà ní Kútọnù, ní Èkó àti ní Libreville; wọ́n sì ṣe tán láti sanwó. Ó wá ń rò ó bóyá kí òun sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi, kí òun gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin síṣẹ́, kí òun sì kọ́ ilé oníbùsùn mélòó kan fún àwọn tí dókítà ti sọ pé kò sí ìwòsàn fún mọ́. Ohun kan ni ó ń dá a dúró: "Ṣé àwọn ará Kétu kò ní í sọ pé mo ń fi ikú ìyá onìyá ṣòwò?"

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a sọ èrò wa láìfi bò. Ọmọ tí ó sanwó fún ẹni tí yóò wẹ ìyá rẹ̀ kò kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àwa tí a máa ń wí pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú láyé àtijọ́, a ń gbàgbé àwọn tí ó san gbèsè rẹ̀: ìyàwó ilé tí kò lè ná ọjà mọ́, àti ọmọ-ọmọbìnrin tí a mú kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè jókòó ti ìyá àgbà.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí Ìjọ. Ní ọdún 1842, opó kan tí ń jẹ́ Jeanne Garnier kó àwọn opó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, láti máa tọ́jú àwọn obìnrin tí àrùn wọn kò gbóògùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Cicely Saunders ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Sísítà ní ilé St Joseph kí ó tó ṣí ilé St Christopher ní 1967. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí a má ṣe dúró títí aláìsàn yóò fi kígbe kí a tó fún un ní oògùn ìrora. Kí a fún un ní wákàtí rẹ̀, kí ìrora tó padà dé. Anne Merriman, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Sísítà ní Nàìjíríà, ni ó bẹ̀rẹ̀ Hospice Africa ní Uganda ní 1993. Kì í ṣe ibùsùn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ bá aláìsàn nínú ilé, pẹ̀lú oògùn morphine tí a pò mọ́ omi fún mímu. Ẹni tí ó bá sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni irú oògùn bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé Póòpù Pius Kejìlá ti dáhùn ìbéèrè yìí fún àwọn dókítà ní 1957: a lè lò ó láti dín ìrora kù, bí ó tilẹ̀ lè gé ọjọ́ aláìsàn kúrú, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ikú rẹ̀ ni a ń wá.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kì í san owó oṣù. A jókòó ti ìyá náà, a sì bá a ṣírò. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣe wákàtí 8 lóòjọ́ fún ọjọ́ 6, wákàtí 48 péré ni. Nítorí náà aláìsàn kan ṣoṣo tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ tọ̀sán-tòru gba ènìyàn 4. Ìdílé mélòó ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó lè san owó oṣù ènìyàn 4? Bí ó bá sì wá fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀, iná àti ẹ̀ṣọ́ òru yóò tún kún un, yálà ibùsùn kún tàbí kò kún.

Ní tiwa, kí ó má kọ́ ilé. Nọ́ọ̀sì kan lè dé ilé 4 lóòjọ́, kí ó wẹ aláìsàn, kí ó tọ́jú egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń dá sí ẹ̀yìn àti ìbàdí, kí ó wo oògùn, kí ó sì kọ́ àwọn ará ilé bí wọn yóò ṣe máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì. Èyí ni owó rẹ̀ lè ká ìdílé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò rọrùn. Oṣù kìíní, owó a tètè wọlé lórí tẹlifóònù. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹta, ẹ̀gbọ́n a máa ti àbúrò. Bí arúgbó bá sì kú, gbèsè nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń gbàgbé, nítorí pé owó aṣọ ìsìnkú a máa yá ju owó oògùn lọ láàárín wa. Kí ó máa gba owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọmọ kan ṣoṣo sì jẹ́ ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ owó. Kò sì gbọdọ̀ gba ilẹ̀ tàbí ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ aláìsàn láé, bí aláìsàn tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó fẹ́ kí a kéde iṣẹ́ náà ní ojú ewé yìí. A ní ó di ìgbà tí a bá rí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ètò ìlera, àti dókítà kan tí yóò máa fọwọ́ sí oògùn ìrora. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò gba méjì nínú ìdílé mẹ́ta náà bí ìwé bá dé. Ẹ̀kẹta ń fẹ́ ẹni tí yóò máa sùn tì aláìsàn lójoojúmọ́, òun kò sì lè dá a ṣe. Ọjọ́ Ajé ni yóò lọ rí dókítà.