Bí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé, ta ló ni ẹ̀jẹ̀ tí oníbàárà fi sílẹ̀?

Bí oníṣòwò bá wọko gbèsè, ohun tí àwọn tó jẹ lówó máa ṣe kò ṣàjèjì sí wa: wọ́n á ta ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ta mọ́tò, wọ́n á ta jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn oníbàárà ni ohun tó níye lórí jù tó kù nílé ńkọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ 23andMe l'Amẹ́ríkà nìyẹn. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Oníbàárà á tutọ́ sínú ìgò kékeré, á fi ránṣẹ́, wọ́n á yẹ DNA rẹ̀ wò, wọ́n á sì sọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá àti àìsàn tó ṣeé ṣe kó wà nínú ìran rẹ̀. Àwọn bíi mílíọ̀nù 15 ló bá wọn ṣe é. Lọ́dún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ìsọfúnni mílíọ̀nù 6.9 nínú wọn. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2025, gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn, ó forí lé kóòtù.

Ariwo sọ. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ adójútòfò ló dè, kò de irú ilé iṣẹ́ yìí. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 20 pẹjọ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta DNA ẹnì kan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Nígbẹ̀yìn, àjọ kan tí kì í ṣe tèrè, tí Anne Wojcicki tó wà lára àwọn tó dá 23andMe sílẹ̀ gbé kalẹ̀, rà á ní mílíọ̀nù 305 dọ́là, pẹ̀lú ìlérí pé oníbàárà ṣì lè ní kí wọ́n pa tòun rẹ́.

Bí wọ́n bá jí nọ́ńbà àkáǹtì yín, báńkì á fún yín ní òmíràn. Ta ló máa fún èèyàn ní DNA mìíràn? Bẹ́ẹ̀, àṣírí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ wà nínú itọ́ ẹnì kan ṣoṣo, àwọn tí kò fọwọ́ síwèé kankan. Ó jọ aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀: ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sọ ọ́ di tiẹ̀.

Ẹni tó ní láàbù kékeré n'Íbàdàn lè ní kí ló kan òun. Ìwé tí ẹ kọ genotype àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó sí ńkọ́? AA, AS àti SS tó wà níbẹ̀, àjogúnbá ni. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ àbùdá àti ìlera èèyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àkànṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún, kí oníbàárà gbà tinútinú, kó sì lè yí ọkàn padà. Bí olùwádìí kan bá fẹ́ ra ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù, àṣẹ tí wọ́n fún yín láti yẹ genotype wò kò kárí ìyẹn. Pásítọ̀ tó ní kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí òun tààrà ńkọ́? Kí àwọn tó ni ín mú un lọ fúnra wọn.

Bí kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ bá sọnù, tí ìyẹn sì lè kó bá àwọn oníbàárà, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin náà létí. Ìtanràn lè dé mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn tí òfin kà sí pàtàkì nítorí irú ìsọfúnni tó wà lọ́wọ́ wọn tàbí bó ṣe pọ̀ tó, mílíọ̀nù 10 ló ti bẹ̀rẹ̀ dípò 2. Ẹ má rò pé kékeré ṣọ́ọ̀bù yín ló máa yọ yín níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń kógbá sílé. 54gene, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2019 láti kó DNA àwọn ọmọ Áfíríkà jọ fún ìwádìí oògùn, rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olókòwò, síbẹ̀ kò rí ìparí ọdún 2023.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta láàbù rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo fọ́ọ̀mù tí oníbàárà fọwọ́ sí. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n ti gbà pé kí àkọsílẹ̀ wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó pè wọ́n kó tó gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á.